Ẹ má tíì ní kó ra òmíràn: lórí clé Wi-Fi tó ń já

Sí Olóòtú,

Ẹ kú làálàá ìwé títẹ̀. Ìdáhùn tí ẹ fún òǹkàwé yín kan láti Kétu lọ́sẹ̀ tó kọjá ló mú wa kọ lẹ́tà yìí. Obìnrin náà ní clé Wi-Fi, ẹ̀rọ kékeré tó ń bá kọ̀ǹpútà gba Wi-Fi, tí òun ń tì bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà alágbèéká òun ń já, ó ń padà wá, ó tún ń já, àárọ̀ dalẹ́. Ìlà méjì péré lẹ fi dá a lóhùn: clé náà ti kú, kó lọ ra òmíràn, bí òmíràn bá tún ń ṣe bẹ́ẹ̀, kó pa Windows rẹ́ kó tún un fi sí i. Ẹ má bínú sí wa o, owó ni ìmọ̀ràn yẹn máa ná an, ohun tó ń ṣe kọ̀ǹpútà rẹ̀ á sì wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ clé tí wọ́n ń pè ní òkú kò kú. Ebi iná ló ń pa á, tàbí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ló ń mú un sùn láti fi iná pamọ́, tàbí kó jẹ́ pé ihò tí wọ́n tì í bọ̀ ló ti dọ̀tí. Bí ó bá ra tuntun, tó tì í bọ ihò kan náà, ibi tí ti tẹ́lẹ̀ kú sí ni tuntun náà á kú sí.

Kí a tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo wa fi ń pe wàhálà méjì tí kò jọra: “ó já”. Nínú èkíní, clé wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà ń rí i, Wi-Fi ilé ni kò rí mọ́. Nínú èkejì, clé fúnra rẹ̀ pòórá lójú kọ̀ǹpútà bí ẹni pé ẹnìkan fà á yọ. Ẹni tí kò bá mọ èyí tó ń ṣe òun, inú òkùnkùn ló ń tálẹ̀ sí.

Bí a ṣe ń mọ̀ ọ́n kò le. Ẹ gbé ohùn kọ̀ǹpútà sókè. Ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún eku tẹ àmì Windows tó wà nísàlẹ̀, ẹ yan Gestionnaire de périphériques (kọ̀ǹpútà tiwa níhìn-ín èdè Faransé ló ń sọ, nítorí náà bí ẹ ó ṣe rí orúkọ wọn lójú rẹ̀ la ó ṣe máa pè wọ́n). Ẹ la Cartes réseau. Orúkọ clé á wà níbẹ̀, ó sábà máa ń ní 802.11 tàbí Wireless lára. Ẹ fi ojú ìwé yẹn sílẹ̀ ní ṣíṣí, ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ. Nígbà tó bá já, bí ẹ bá gbọ́ ohùn méjì, tín-tùn, tí èkejì relẹ̀ ju èkíní lọ, tí ojú ìwé náà ṣẹ́jú, tí orúkọ clé sì lọ, ara USB ló ti yọ. Bí ẹ kò bá gbọ́ nǹkan kan, tí orúkọ rẹ̀ ṣì jókòó síbẹ̀, clé kò yọ lára USB. Router, àpótí tó ń fọ́n Wi-Fi ká, ni kí ẹ lọ wò, àti iye ògiri tó wà láàárín yín àti òun, àti ariwo tí a ó sọ̀rọ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀. Ní Ṣábẹ̀ẹ́, tó jẹ́ pé àárín àpáta làwọn ilé kan wà, àpáta kan péré láàárín ilé àti ilé lè sọ Wi-Fi aládùúgbò di ohun tó ń wá tó ń lọ. Kò sí clé tó máa wo ìyẹn sàn. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ̀rí, kó ṣí Invite de commandes, ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún Windows, gẹ́gẹ́ bí administrateur, kó tẹ netsh wlan show wlanreport. Windows á kọ ìtàn ọjọ́ 3 tó kọjá sílẹ̀ fún un, ìgbà tó wọlé, ìgbà tó jáde, àti ìdí tó rí.

Ká ní clé ló ń yọ. Ìgbà tó ń yọ ni kí ẹ máa ṣọ́, torí ìgbà yẹn ló ń nàka sí ẹni tó jẹ̀bi. Bí ó bá jẹ́ nígbà tí ẹ ń fi fáìlì ńlá ránṣẹ́ tàbí tí ẹ ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀ lójúkojú lórí fídíò ló ń lọ, tí kì í lọ nígbà tí ẹ ń ka ìròyìn lásán, iná ni kò tó o, tàbí ooru ló mú un. Bí ẹ bá dìde lọ jẹun, tí ẹ padà dé tí ẹ bá a pé ó ti lọ, kọ̀ǹpútà ló mú un sùn, tí kò sì mọ bí a ṣe ń jí i. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ sún kọ̀ǹpútà díẹ̀, tàbí apá yín gbá a, tó sì lọ, ihò tàbí orí clé ni. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ ti disque dur ìta, ẹ̀rọ ìpamọ́ fáìlì, bọ ihò kejì ni wèrè rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, àwọn méjèèjì ń jà sí iná; bí clé kò bá sì yọ, tó jẹ́ pé kò kàn gbọ́ router mọ́ ni, ariwo ọ̀kan ló ń bo ohùn èkejì mọ́lẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sí ìwé fún ọjọ́ kan: aago mélòó, kí lẹ ń ṣe, ṣé orí ṣájà lẹ wà àbí orí bátìrì. Ìlà mẹ́fà sí méje ti tó. Ẹni tó bá mú irú ìwé yẹn dání wá sọ́dọ̀ atúnkọ̀ǹpútàṣe ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà fún un.

Ẹ jẹ́ ká mú ebi ṣáájú, torí òun la máa ń fojú fò jù. Volt 5 ni USB ń gbé jáde. Ihò USB 2.0 kò ṣèlérí ju milliampère 500 lọ fún ohun tí a bá tì bọ̀ ọ́, USB 3.0, èyí tí ahọ́n inú rẹ̀ sábà máa ń ní àwọ̀ búlúù, ṣèlérí 900. Ọ̀nà méjì ni Wi-Fi sábà máa ń gbà nínú afẹ́fẹ́, 2.4 GHz àti 5 GHz. Clé kékeré bí èékánná tó ń ṣiṣẹ́ lórí 2.4 GHz nìkan kì í jẹun púpọ̀. Èyí tó mọ 2.4 àti 5 GHz, tó tún na eriali sókè, alájẹkì ni, pàápàá nígbà tó bá ń fọhùn. Nígbà tó bá ń gbọ́ nìkan, oúnjẹ rẹ̀ kéré. Ìdí nìyẹn tí fífi fáìlì ránṣẹ́ fi ń pa á tí kíka ìròyìn kì í pa á. Bí iná bá já wálẹ̀ lójijì, bó ti wù kó kéré tó, ọpọlọ clé á dákú, á tún jí, á bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kọ̀ǹpútà á ní wọ́n fà á yọ, wọ́n tún tì í bọ̀. Ẹ̀yin á ní clé ti bàjẹ́.

Hub, ẹ̀rọ tó ń sọ ihò USB kan di púpọ̀, èyí tí kò ní ṣájà tirẹ̀ ló burú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ihò kan ṣoṣo ló ń bọ́ ọ, òun náà sì ń bọ́ ẹnu mẹ́rin. Lábẹ́ òfin USB 2.0, milliampère 100 ni ẹnu kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ sí níbẹ̀, iná tó ń dé ọ̀dọ̀ wọn sì lè sọ̀ dé volt 4.4. Ẹni tó so eku, kíbọ́ọ̀dù, disque dur àti clé Wi-Fi mọ́ hub kan, tó wá ń ṣépè fún clé, ẹ bá wa bi í léèrè ẹni tó jẹ oúnjẹ tán. Ara kọ̀ǹpútà gan-an ni kí ẹ ti clé bọ̀. Bí ihò kò bá tó, eku àti kíbọ́ọ̀dù ni kó lọ sórí hub, wọn kì í jẹun. Bí ó bá sì di dandan kí clé wà lórí hub, ẹ ra èyí tó ní ṣájà tirẹ̀.

Rallonge, okùn tí a fi ń fa USB gùn, náà ń jẹ nínú oúnjẹ yẹn, bẹ́ẹ̀ ni kò sẹ́ni tó ń fura sí i. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì tẹlifóònù wo ara okùn rẹ̀: wọ́n máa ń tẹ lẹ́tà wínníwínní sí i, ẹ ó ní láti yí i díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ iná kó tó hàn. Bí ẹ bá rí 28AWG/1P+24AWG/2C, 1P ni okùn méjì tó ń gbé ọ̀rọ̀, 2C ni méjì tó ń gbé iná. Bí nọ́ńbà bá ṣe kéré sí ni okùn ṣe sanra sí. 24 fún iná dára. Bí ó bá jẹ́ 28 ló wà níwájú 2C, òwú lẹ rà. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀: mítà kan okùn 28 ní ohm 0.21, rallonge mítà kan àbọ̀, ní àlọ àti àbọ̀, di mítà 3, ohm 0.64 nìyẹn. Kí clé fa milliampère 500 gba inú rẹ̀ kọjá, volt 0.32 ti ṣòfò lójú ọ̀nà. Volt 5 ti di 4.68 kó tó dé ẹnu clé. Okùn 24 tó gùn tó bẹ́ẹ̀ kò ní pàdánù ju 0.13 lọ. Bí wọn kò bá tẹ nǹkan kan sára okùn rárá, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí a ń fi sáàárín ihò àti clé, tó ń ka volt àti ampère sójú. Bí ẹ bá rí ẹni tó lè yá yín, tí ẹ sì rí i tó lọ sísàlẹ̀ 4.7 nígbà tí ẹ ń fi fáìlì ránṣẹ́, ọwọ́ yín ti tẹ olè náà.

Ẹ tún gbìyànjú ẹ̀gbẹ́ kejì kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe àfọ̀ṣẹ o. Nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká, ihò ẹ̀gbẹ́ kan wà lára pátákó ńlá, ti ẹ̀gbẹ́ kejì wà lára pátákó kékeré kan tí okùn pẹlẹbẹ bíi rìbọ́ọ̀nù so mọ́ ti ńlá. Kọ̀ǹpútà tó bá ti ṣubú rí, tàbí tó ń gun zémidjan, ìyẹn ọ̀kadà, lójoojúmọ́ nínú àpò, okùn pẹlẹbẹ yẹn lè tú díẹ̀. Bí clé bá dúró ṣinṣin ní ẹ̀gbẹ́ kan tó sì ń já ní èkejì, ọ̀rọ̀ ti parí: ihò ni, kì í ṣe clé. Ẹ má fọwọ́ kan pilote, ètò tí Windows fi ń bá clé sọ̀rọ̀.

Ìdọ̀tí wá ńkọ́? Ìlú kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Ní Àjàṣẹ́ níbí, afẹ́fẹ́ ọ̀sà ń fi omi sára irin, bàbà á pàwọ̀ dà. Ní Kétu, erùpẹ̀ pupa ni. Bí ọyẹ́ bá dé, á máa wọ ihò ní kùlẹ̀kùlẹ̀, ẹ ó sì rí i tó di mọ́ igun ihò bí ìyẹ̀fun osùn. Ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo inú rẹ̀. Ahọ́n ike kan wà níbẹ̀, ilà irin mẹ́rin ló wà lára rẹ̀ nínú USB 2.0, USB 3.0 ní márùn-ún mìíràn sí i. Nínú mẹ́rin yẹn, èyí tó wà létí ọ̀tún àti èyí tó wà létí òsì ló ń gbé iná, méjì àárín ló ń gbé ọ̀rọ̀. Bí ti etí kan bá ti dúdú, tàbí tó ti hu nǹkan aláwọ̀ ewé bíi ti bàbà àtijọ́, iná tó ń gbà á kọjá á máa ṣẹ́jú. Ẹ wo orí clé náà, ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ẹ pa kọ̀ǹpútà pátápátá, ẹ fa ṣájà yọ, ẹ yọ bátìrì bí ó bá ṣeé yọ. Ẹ ra alcool 90 ní ilé oògùn. 70 ní omi nínú jù. Ẹ kán an sórí búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀ tí ẹ ti gé irun rẹ̀ kù díẹ̀, kó kàn tutù ni, kó má kán sílẹ̀. Ẹ nù ún láti inú síta, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ẹ tó tan án. Abẹ́rẹ́ kọ́ o, epo ẹ̀rọ ìránṣọ kọ́, ẹ má sì fi ẹnu fẹ́ ẹ: itọ́ lẹ ń fẹ́ sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ ti clé bọ̀ ọ́ kí ẹ rọra fà á. Ó yẹ kó di ọwọ́ yín mú díẹ̀. Bí ó bá ń yọ wọ́rọ́ bí ọ̀bẹ nínú bọ́tà, tàbí tó ń sorí kọ́ nínú ihò, irin tó ń dì í mú ti rọ. Atúnṣe ló máa pààrọ̀ ihò náà. Ìwọ̀n tí wọ́n fi dán irú ihò yìí wò ni ìgbà 1,500, ó kéré tán, tí a bá tì í bọ̀ tí a sì fà á yọ. Ẹni tó ń fà á yọ lẹ́ẹ̀mẹ́rin lójúmọ́, ọdún kan àti ọjọ́ mẹ́wàá ló máa dé ibẹ̀.

Oorun ló kàn, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe ìdajì iṣẹ́ tí wọ́n á ní àwọn ti ṣe tán. Nínú Gestionnaire de périphériques, lábẹ́ Cartes réseau, ẹ tẹ clé lẹ́ẹ̀méjì, ẹ lọ sí Gestion de l'alimentation, ẹ yọ àmì kúrò níwájú “Autoriser l'ordinateur à éteindre ce périphérique pour économiser l'énergie”, ẹ tẹ OK. Gbogbo ayé mọ èyí. Èyí tí wọn kì í ṣe ni pé ihò tó gbé clé náà ń sùn, bí ilẹ̀kùn bá sì ti tì, kí ni ẹni inú ilé fẹ́ ṣe? Nítorí náà ẹ sọ̀kalẹ̀ lọ sí Contrôleurs de bus USB, ẹ ṣí gbogbo ohun tó bá ń jẹ́ Concentrateur USB racine lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ yọ àmì kan náà kúrò níbẹ̀. Wọ́n lè jẹ́ méjì, wọ́n lè jẹ́ mẹ́rin. Ẹ má fi ọ̀kankan sílẹ̀.

Ó ku ibì kan. Ní Panneau de configuration, ẹ lọ sí Options d'alimentation, Modifier les paramètres du mode, Modifier les paramètres d'alimentation avancés. Ẹ la Paramètres USB, ẹ ó bá Paramètre de la suspension sélective USB. Sur batterie àti Sur secteur, ẹ fi méjèèjì sí Désactivé. Nínú àpótí kan náà, lábẹ́ Paramètres de la carte sans fil, ẹ fi Mode économie d'énergie sí Performances maximales. Nínú àwọn kọ̀ǹpútà tuntun kan, àwọn ìlà yìí kì í hàn. Bí ẹ kò bá rí wọn, ẹ má wá wọn kiri, ti àkọ́kọ́ yẹn ni kí ẹ rí i pé ó pé. Ẹ wá tẹ Redémarrer. Arrêter kọ́! Nítorí démarrage rapide, ètò tó ń mú kí kọ̀ǹpútà tètè tàn, ẹni tó tẹ Arrêter kò pa Windows tán, ó kàn ń pa ojú rẹ̀ dé ni, àwọn pilote á sì jí ní ipò tí wọ́n sùn sí. Bí Windows bá ti tún ara rẹ̀ ṣe lóṣù tó ń bọ̀, ẹ padà lọ wo àwọn àmì yẹn, torí ó lè fi wọ́n padà láìbi ẹnikẹ́ni.

Ti ariwo tí a mẹ́nu bà lókè: USB 3.0 ń pariwo. Ní oṣù kẹrin ọdún 2012, Intel gbé ìwé kan jáde tó ṣàlàyé pé ohun tó bá ń ṣiṣẹ́ lórí USB 3.0 máa ń da ariwo sí afẹ́fẹ́ ní àyíká 2.4 GHz, ibẹ̀ gan-an sì ni Wi-Fi àtijọ́ àti eku aláìlókùn ń gbà sọ̀rọ̀. Ẹ wá wo ibi tí a ń ti clé bọ̀: ẹ̀gbẹ́ disque dur USB 3.0 gan-an, wọn kò jìnnà síra ju ìka méjì lọ. Clé kò yọ o, kò sì pòórá, àmọ́ kò gbọ́ router mọ́, bí ẹni tó ń gba ìpè níwájú ẹ̀rọ ìlọta. Ẹ gbé clé lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, tàbí kí ẹ fi rallonge tó sanra, tí kò gùn ju mítà kan lọ, gbé e jìnnà. Bí clé àti router bá mọ 5 GHz, ẹ lo ìyẹn, ariwo náà kò dé ibẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 2.4 nìkan ló mọ̀, ihò USB 2.0, aláwọ̀ dúdú, dára fún un ju ti búlúù lọ. Ẹ sì fi router sórí canal (ojú ọ̀nà) 1, 6 tàbí 11, àwọn mẹ́ta yìí nìkan ni kì í gun ara wọn lórí.

Ooru kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Clé tó kéré jù kò ní ibi tí yóò tú ooru sí. Bí ó bá gbóná tí ẹ kò lè fi ìka dì í mú kí ẹ ka márùn-ún, ẹ fà á yọ kó tutù, kí ẹ sì dẹ́kun gbígbé kọ̀ǹpútà sórí bẹ́ẹ̀dì. Rallonge kúkúrú tó gbé e kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí kọ̀ǹpútà ń fẹ́ ooru jáde sí máa ń ràn án lọ́wọ́.

Ṣájà náà lè jẹ̀bi. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti mú oorun kúrò, kì í ṣe ṣáájú, torí orí bátìrì ni kọ̀ǹpútà ti ń sùn jù, ẹ fa ṣájà yọ, ẹ ṣiṣẹ́ lórí bátìrì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí clé kò bá já rárá, tí ẹ dá ṣájà padà tó tún ń já, ayédèrú ni ṣájà yẹn, tàbí kó jẹ́ pé prise (ihò iná) ilé kò ní okùn terre, èyí tó ń gbé iná wọ ilẹ̀. Ẹni tó bá ń fọwọ́ kan irin kọ̀ǹpútà rẹ̀ tó ń ta á jìn-ìn bí ìgbà tí èèrà ń rìn lára ẹni, iná yẹn náà ló ń rìn lára USB. Ẹ gbìyànjú prise tó ní terre àti ṣájà mìíràn tí volt rẹ̀ bá ti kọ̀ǹpútà mu. Ẹni tó wà lórí groupe (jẹnẹrétọ̀), kó tún un dán wò nígbà tí iná gidi bá dé kó tó dájọ́.

A mọ̀ọ́mọ̀ fi pilote sẹ́yìn ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni gbogbo ènìyàn ń kọ́kọ́ sá lọ bá. Pilote tó burú sábà máa ń fi ara hàn kété lẹ́yìn tí Windows bá tún ara rẹ̀ ṣe; kì í dúró de ìgbà tí apá bá gbá clé. Bí ó bá jẹ́ ìgbà yẹn ni tiyín bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣí clé nínú Gestionnaire, ẹ lọ sí Pilote, ẹ tẹ Restaurer le pilote. Bí bọ́tìnì yẹn kò bá gbà, ẹ gbọ́dọ̀ mọ ọpọlọ tó wà nínú clé kí ẹ tó wá pilote mìíràn, páálí rẹ̀ kò sì lè sọ ọ́ fún yín: clé méjì tó jọra bí ìbejì lè ní ọpọlọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ lọ sí Détails, ẹ yan Numéros d'identification du matériel. Ẹ ó rí VID, nọ́ńbà ilé iṣẹ́, pẹ̀lú àmì mẹ́rin, àti PID, nọ́ńbà ọjà, pẹ̀lú àmì mẹ́rin. VID 0BDA ni Realtek. 148F ni Ralink, tí MediaTek ti rà. 0CF3 ni Atheros. 0B95 ni ASIX. 148F pẹ̀lú 7601 ni MT7601U, clé kékeré tó mọ 2.4 GHz nìkan, tí kò sì kọjá 150 Mb/s. Bí ó bá jẹ́ 0BDA pẹ̀lú 1A2B lẹ rí, clé náà ṣì ń ṣe bí CD tí pilote wà nínú rẹ̀ ni, kò tíì di Wi-Fi. Ẹ lọ sí Ce PC, ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún tẹ CD yẹn, ẹ tẹ Éjecter, ó sábà máa ń yí padà. Ojúewé ẹni tó ṣe clé ni kí ẹ ti mú pilote. Àwọn ètò tó ń ṣèlérí pé àwọn á tún gbogbo pilote ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wàhálà tuntun ni wọ́n ń gbé wọlé.

Fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń lo Linux: ẹ tẹ sudo dmesg -w, kí ẹ fi sílẹ̀ kó máa sọ̀rọ̀. “USB disconnect” túmọ̀ sí pé ó yọ. Bí ẹ bá ń rí error -71 léraléra, okùn, ihò tàbí iná ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Láti dá oorun dúró, ẹ fi usbcore.autosuspend=-1 kún ìlà GRUB_CMDLINE_LINUX_DEFAULT nínú /etc/default/grub, ẹ ṣe sudo update-grub, ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn.

Ẹni tó ń lo clé olókùn, èyí tó ní ẹnu RJ45 tí a ń ti okùn íńtánẹ́ẹ̀tì bọ̀, gbogbo ohun tí a sọ nípa ebi, ìdọ̀tí àti oorun kàn án. Ó kù méjì fún un. Ẹ lọ sí Avancé, ẹ fi Energy-Efficient Ethernet àti Green Ethernet sí Désactivé. Ẹ sì wo etí ike kékeré tó wà lórí okùn náà: bí ó bá ti kán, okùn á máa yọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, iná ara clé á kú, ẹ kò sì ní gbọ́ tín-tùn kankan.

Kí obìnrin Kétu yẹn tó tú owó sílẹ̀, kó yá kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn fún wákàtí kan, kó ti clé rẹ̀ bọ̀ ọ́ tààrà, kó fi fáìlì ńlá ránṣẹ́. Bí ó bá já níbẹ̀ náà, lórí ihò mímọ́, láìsí hub, láìsí rallonge, a gbà, clé ti kú, ìdáhùn yín tọ̀nà. Bí kò bá já, kọ̀ǹpútà rẹ̀ ni kó padà lọ tọ́jú.

Olóòtú, a bẹ̀ yín, ẹ tẹ èyí síbi tí ẹ tẹ ìdáhùn àkọ́kọ́ sí, kó lè rí i. Kò kọ sínú lẹ́tà rẹ̀ bóyá orí hub ni clé náà wà, kò sì sọ bóyá kọ̀ǹpútà ń dún tín-tùn nígbà tó bá já. Bí ó bá lè fi ìdáhùn méjèèjì yìí ránṣẹ́ sí yín, pẹ̀lú VID àti PID rẹ̀, a ó sọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Àwa atúnkọ̀ǹpútàṣe,
Ouando, Àjàṣẹ́